Àgbá Jámánì Lórí Tábìlì Oníṣẹ́ Eyín

Ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀ fún yín: bí ẹ bá dé ilé ọkùnrin yìí, ẹ má pe ohun tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ ní ìṣeré ọmọdé o. Ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ dán an wò rí. Wákàtí méjì gbáko ló fi jókòó gbọ́ ìwàásù nípa àgbá ìbọn àwọn Jámánì, ẹnikẹ́ni ò sì rántí fún un lómi mu. Nígbà tó máa jáde, ó ti mọ iye ènìyàn tó ń ti ọta wọnú ìbọn, ó ti mọ bí ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí, ohun tó bá wá sílé wọn gan-an ló gbàgbé.

Iṣẹ́ eyín ni ọkùnrin náà ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń yọ eyín o, òun ló ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti ká tán. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, láàárín ìda, ẹfun tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán ẹnu, àti ike aláwọ̀ èèrìgì, tó ń fi ẹ̀mú to eyín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò kì í pè é ní oníṣẹ́ eyín. Ọ̀gágun ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gágun tí kò jagun rí! Ọ̀gágun tó jẹ́ pé bí táyà mọ́tò bá bẹ́ nígboro, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ tábìlì.

Wọ́n ní ohun tó wu ẹni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ọkùnrin kan á kó bàtà jọ, òmíràn á kó ọ̀rẹ́bìnrin jọ. Àgbá ńlá tí àwọn Jámánì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì ni tirẹ̀, àwòṣe wọn, èyí tó jẹ́ pé bí ojúlówó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì, tirẹ̀ á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Nínú páálí ni wọ́n máa ń wà, ní wẹ́wẹ́, ike ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan, òun ni yóò sì tò wọ́n pọ̀, tí yóò kùn wọ́n lọ́dà, tí yóò fi ẹrẹ̀ àti ìpẹtà sí wọn lára títí ojú yóò fi máa tan ènìyàn. Mọ́kànlá ló ti wà lórí pẹpẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, bi í lọ́jọ́ kan lórí fóònù pé, "Bàbá mi, kí lẹ rí nínú nǹkan tí wọ́n fi pa ènìyàn?" Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó ń wó ìlú nígbà kan rèé, èmi ti sọ ọ́ di ohun tí kò lè pa èèrà." Ọmọ náà ní ó dáa, ó sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Kírénì ni ìyẹn ń wà ní èbúté. Àpótí irin tó tóbi tó yàrá méjì, yóò gbé e kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, yóò yí i lójú òfuurufú, yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Obìnrin yìí kò ka àgbá ọkọ rẹ̀ sí nǹkan kan. "Orogún mi" ló ń pè wọ́n. Bó bá ń gbálẹ̀, á ní, "Ẹ sọ fún orogún mi kó gbẹ́sẹ̀." Ọkọ rẹ̀ á fajú ro, á gbé tábìlì kúrò lọ́nà.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ ní àárẹ̀ ni. Ó tún ní bóyá òun ò sùn dáadáa ni. Ìgbà tó to eyín ìyá arúgbó kan lódì, tí ti ìsàlẹ̀ di ti òkè, dókítà pè é jókòó, ó ní gbígbọ̀n náà kò ní pa á, ṣùgbọ́n kò ní lọ, pípọ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i. Níbi iṣẹ́, wọ́n rọra gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa po ẹfun. Ọ̀gá pátápátá nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n ní kó máa po ẹfun! Ó dùn ún wọ egungun, kò sì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àgbá tó wà lórí tábìlì lásìkò yẹn ni òun máa ṣe kẹ́yìn.

Àgbá wo sì nìyẹn? Káálì ni. Àwọn Jámánì fúnra wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó sì sanra bí odó, ọta rẹ̀ kan ṣoṣo wúwo ju mọ́tò lọ, ọkọ̀ mìíràn tó ní kírénì lórí ló sì máa ń gbé ọta náà wá bá a. Ọdún méjì ni Ọ̀gágun fi ṣe é, ọdún kejì ni ọwọ́ gbígbọ̀n sì bá a lẹ́nu ẹ̀. Ó fi ọmọ ogun mẹ́sàn-án sí i, wọn ò ga tó ìka àárín. Márùn-ún nínú wọn ń ti ọta wọ ìdí ìbọn. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìṣe ẹni kì í fi ni sílẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ eyín sí gbogbo wọn lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ohun tó ń wá kò pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àwòṣe máa ń ṣe ìpàtẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Iṣẹ́ tó bá gba ipò kìn-ín-ní lórí tábìlì àwọn tó dá iṣẹ́ wọn ṣe, inú àpótí onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé ni wọ́n ń gbé e sí, tòun ti orúkọ ẹni tó ṣe é, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ayé. Ọ̀gágun fẹ́ kí Káálì wọnú àpótí yẹn, kí ọwọ́ òun tó kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé àgbá mìíràn lọ síbẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì lé e padà. Ọdún tó kọjá, ọkùnrin yẹn tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àgbá, ó ka nọ́ọ̀tì tó wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó ní, "Mẹ́fà lo fi síbí. Mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́," ó sì kọjá lọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Nọ́ọ̀tì tí kò tó orí abẹ́rẹ́!

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ dé. Ọ̀gágun ti jí kí àkùkọ tó kọ, ó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù tó dára jù, ó ń kọrin láìmọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ti ìwé ìforúkọsílẹ̀, aago méje òwúrọ̀ ló sì ti tẹ́ fóòmù sínú páálí tí wọ́n fẹ́ fi gbé Káálì. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní kí ìyàwó òun wá bá òun di igun kejì mú, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo Káálì dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Kò gbé e.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "Báwo lọta yìí ṣe fẹ́ wọlé?"

"Àwọn márùn-ún yẹn ló ń tì í."

"Tì í lọ síbo? Ẹnu ìbọn ń wo sánmà, ìdí rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ọta wà ní títẹ́jú níbí, wọ́n ń tì í lọ bá irin gbígbẹ. Ká tiẹ̀ ní wọ́n rí i gbé wọlé, kí ló fẹ́ dá a dúró? Ẹrù tó wúwo ju mọ́tò lọ! Á yọ̀ padà, á tẹ àwọn márààrún pẹlẹbẹ, tẹyín-tẹyín wọn. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá to ẹrù báyìí, wọ́n á ti lé e kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú."

Ọ̀gágun la ẹnu láti dá a lóhùn pé kí obìnrin mọ ohun tó ń sọ. Ó tún wo ìdí ìbọn. Òótọ́ ni! Ó wà nínú ìwé, ó ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá: kí Káálì tó gba ọta, ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn gbalaja. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìwàásù! Ṣùgbọ́n àwòrán tó wà lára páálí na ọ̀pá ìbọn sókè, ó wù ú, ó sì lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe àwọn tó ń ti ọta. Eyín wọn ló gbájú mọ́, kò bojú wo òkè.

"Mo gbé!" ló pariwo. "Mo dáràn lónìí! Ojú Àwòdì ò ní tan tọ́ọ̀ṣì pàápàá, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti rí i!"

"Ẹ tú ọ̀pá náà, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀yin náà, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù, gọ́ọ̀mù tó wà nínú páálí ni wọ́n ń lò, èyí tí ènìyàn lè fi abẹ là. Ọ̀gágun kò jẹ́ lo ìyẹn. Ó ní gọ́ọ̀mù ọmọdé ni. Ike tí wọ́n fi ń lẹ eyín mọ́ èèrìgì ló ń lò, tó máa ń gbé wá láti ibi iṣẹ́. Eyín tí wọ́n bá fi í lẹ̀, ẹni tó ni ín lè fi fọ́ egungun fún ogún ọdún. Ó ti fi èyí ṣe fáàrí nínú ẹgbẹ́ àìmọye ìgbà. Fáàrí ọ̀hún ló wá di okùn mọ́ ọn lọ́rùn yìí.

Ó gbá orí mú, ó ní òun ò lọ mọ́, òun máa gbé Káálì sọ sínú garawa ìdọ̀tí. Ìyàwó rẹ̀ ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ó ní kó yọ àwọn márùn-ún yẹn kúrò, kó jẹ́ pé wọ́n ti ti ọta wọlé tán. Ọ̀gágun wò ó bí ẹni tó ní kó ta ọmọ.

"Yọ wọ́n? Mo ti ṣe eyín fún wọn!"

"Ó dáa. Ọ̀pá ìbọn lẹ máa gé nìyẹn."

Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gé eyín jáde, èyí tí abẹ rẹ̀ rí roboto, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó tàn án. Ibi tó ní láti gé kò fẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ, ẹ̀gbẹ́ kan níbí, ẹ̀gbẹ́ kan lọ́hùn-ún. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ súnmọ́ ọn. Ọwọ́ gbọ̀n. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó tún gbé e lọ. Abẹ fò kúrò lójú ibi tó fẹ́, ó sì ha ara Káálì gbààràgbà, ojú ọgbẹ́ náà funfun láàárín ọ̀dà. Ọ̀gágun pa ẹ̀rọ náà, ó gbé e kalẹ̀. Omi lé rorò sí i lójú.

"Mi ò lè ṣe é mọ́," ló wí. "Ìyá ọmọ mi, ọwọ́ yìí ti tán."

Obìnrin náà kò sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò sọ pé Ọlọ́run á ṣe é. Ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fà á nù, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó sì gbé awò tí ìyẹn fi ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé ojú.

"Ẹ júwe fún mi."

"Júwe kí ni?"

"Àbí báwo lẹ rò pé mo ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí mo bá wà lókè kírénì, ṣé mo ń rí inú ọkọ̀ ni? Ẹnì kan ló ń dúró nísàlẹ̀ tó ń júwe. Bó bá ní kí n gbé e, mo gbé e. Bó bá ní dúró, mo dúró. Mi ò bá a jiyàn. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n, ẹnu yín ò gbọ̀n. Ẹ fi ẹnu júwe."

Ọ̀gágun nu ojú. Ó wá lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún léjìká.

"Tàn án. Sún sí òsì. Díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Dúró. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀... jẹ́jẹ́... má tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí abẹ fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́."

Eruku funfun bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ọwọ́ obìnrin yẹn! Mo ní ọwọ́ obìnrin yẹn dúró bí òpó! Ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń fa ọ̀pá kírénì síwá-sẹ́yìn ní ìwọ̀n orí èékánná, kò sí ẹni tó sọ fún Ọ̀gágun rí pé irú ọwọ́ báyìí ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lálaalẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ já. "Yí i padà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti ń ga. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń jẹ lọ. "Ó kù díẹ̀... ó kù díẹ̀... dúró! Dúró!" Ọ̀pá ìbọn ṣí pẹ́ẹ́, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìfara kan ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ ogun.

"Ó ti já!" ni Ọ̀gágun kígbe. Ó fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tábìlì dànù.

"Ẹ fara balẹ̀! Ẹrù ṣì wà lókè!"

Ọkọ júwe, ìyàwó gbé ọ̀pá náà padà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ìdí ìbọn wá kojú ọta ṣánṣán, àwọn márùn-ún sì ń tì í lọ síbi tó yẹ. Wọ́n tún fi ike eyín lẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa nígbà tó gan. Ó wá ku ojú ibi tí wọ́n gé àti ibi tí abẹ ha. Ọ̀gágun ń wá ọ̀dà tó bá a mu, kò rí i, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ariwo mìíràn.

"Kí lẹ ń fi ọ̀dà ṣe?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ibi tí nǹkan ti ń yí nìyẹn. Gírísì ló ń wà níbẹ̀. Kírénì tí mò ń wà, ojú ibi tó ń yí, dúdú ni, ó máa ń ṣàn wálẹ̀ báyìí, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn." Ó fi orí igi ìṣáná mú ọ̀dà dúdú, ó kán an síbẹ̀, ó fi ìka fà á wálẹ̀. Ọgbẹ́ bò. Ọ̀gágun wò ó, ó tún wò ó. Káálì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dà bí ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n wọ takisí. Obìnrin gbé páálí lé itan, ó sì ń pàṣẹ fún awakọ̀ bí ẹni tó bí i lọ́mọ: "Kòtò wà níwájú! Rọra! Ṣé ewúrẹ́ lo rò pé o gbé ni?" Awakọ̀ bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Orogún mi ni." Awakọ̀ ò tún béèrè nǹkan mìíràn títí wọ́n fi débẹ̀.

Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ariwo gba ibẹ̀ kan, tábìlì lọ súà, ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi, àgbá oríṣiríṣi. Akọ̀wé na fóòmù sí Ọ̀gágun. Ibi kan wà tí wọ́n kọ sí pé: orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó wá gbé bírò dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló bi akọ̀wé, "bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn bá ni gé nǹkan ńkọ́?"

"Tábìlì àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ nìyẹn, lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò sí àpótí onígíláàsì fún tibẹ̀ o."

Ìyàwó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre," ló sọ sí i létí. "Ta ló rí wa? Iṣẹ́ ọdún méjì yín ni. Àárọ̀ ọjọ́ kan lèmi ṣe."

Ọ̀gágun wo Káálì. Ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ ni ojú gírísì yẹn. Bí wọ́n bá gbé e sínú gíláàsì, ibẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ yóò máa lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, orúkọ òun nìkan ni yóò sì wà nísàlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú kó má baà gbọ̀n, ó sì kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀, gàdàgbà.

"Ṣé orí yín pé?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. Inú bí i débi pé ó kẹ̀yìn sí i.

Ojú Àwòdì dé sí tábìlì wọn ní aago kan àbọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó fi dígí kékeré wo abẹ́ rẹ̀. Ó ka nọ́ọ̀tì, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wo ọta, ó wo ìdí ìbọn, ó wo ọ̀pá tó sùn gbalaja, ó mi orí. Ó wá dúró síbì kan, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló fi gírísì síbí?"

"Èmi ni," ni ìyàwó Ọ̀gágun wí, pẹ̀lú ìbínú. "Kí ló ṣe é?"

"Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wo Káálì lórí tábìlì. Mi ò rí ẹni tó rántí fi gírísì síbẹ̀ rí." Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é ni..." Ó fi káàdì pupa ti ipò kìn-ín-ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ Káálì, ó sì lọ.

Ọkọ̀ òfuurufú kan báyìí ló wọnú àpótí gíláàsì. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n má baà ní mò ń jowú. Ọ̀gágun dúró, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Ó dùn ún o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Inú rẹ̀ sì tún ń dùn nítorí káàdì pupa, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó ti parí nìyẹn, pé ó parí dáadáa. Ó yíjú láti wá ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Kò rí i.

Ibi tí wọ́n ti ń ta àwòṣe lẹ́bàá ògiri ló ti bá a. Obìnrin náà ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá páálí kan mọ́ àyà, páálí tó tóbi tó báàgì ìrìn-àjò. Àgbá kan tó ń rìn lórí irin rélùwéè ló wà lára rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ilé lọ, kírénì méjì sì ń gbé ọ̀pá náà lé e lórí.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe so okùn yìí," ló wí kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu. "Bí wọ́n bá gbé e báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan á kọ́kọ́ dìde ni. Ẹni tó ya àwòrán yìí ò gbé ẹrù rí láyé ẹ̀. Èmi ni màá ṣe kírénì méjèèjì, mi ò gba àríyànjiyàn. Ẹ̀yin á máa júwe."

Ọ̀gágun dì mọ́ etí tábìlì òǹtajà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fi pa mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín o," ni òǹtajà wí. "Wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó máa gbà yín tó ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta péré?" ni Ọ̀gágun wí. "Ṣé ẹ ò ní èyí tó máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ?"